Ọkọ̀ Tuntun Wo? Ọ̀rọ̀ Pẹ̀lú Àwọn Tó Ń Bo Àbùkù Ọjà Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Bí ẹnìkan bá ní kí ló kan olùkọ́ ilé kéwú nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò, èsì wa ni pé a ti ra ti àtijọ́, a sì ti ra èyí tí wọ́n pè ní tuntun fún wa. Owó wa ló lọ síbẹ̀.

Ní Ìpapó wa níbí, àti ní gbogbo Òkè-Ògùn, bí ẹnìkan bá wa ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ń dán wọ ìlú, igbe tí a máa ń ké ni pé, "Alhaji ti ra ọkọ̀ tuntun!" A ó pe àáfà, a ó ṣe sàráà, àwọn ọmọdé á máa fọwọ́ pa á lára. Tuntun wo? Tòkunbọ̀ ni. Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a gbé wá sílé ni Tòkunbọ̀. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe irin. Irin tí ará Jámánì tàbí ará Amẹ́ríkà ti wà fún ọdún mẹ́wàá, tó fi kó ọmọ lọ sí ilé ìwé títí ọmọ fi gboyè, ni àwa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí a sì sọ ní orúkọ ìkókó.

A kò bú ẹni tó ra àlòkù. Àlòkù ni àwa náà ń rà. Ohun tí a ń bá jà ni irọ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé irọ́ yìí ti pa àwọn kan sọ́nà, ó ti sọ àwọn mìíràn di onígbèsè, ó sì ń sọ owó àwọn tí a jọ ń kírun ní sàfù kan náà di háráàmù.

Kì í ṣe pé a kò mọ tuntun rí. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, Volkswagen náà sì ń to tirẹ̀ ní ọ̀nà Badagry ní Èkó. Àkókò náà ni owó Udoji bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Olùkọ́ àti akọ̀wé tó ń gun kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń wa ọkọ̀ ìjàpá, àwọn ọ̀gá sì ń wa 504. Àwọn kan wà tí wọn kò jẹ́ ya ọ̀rá tó wà lára ìjókòó ọkọ̀ náà títí ọdún fi yípo, wọn yóò jókòó lórí ọ̀rá nínú oòrùn, òógùn á máa bọ̀, ṣùgbọ́n inú wọn dùn. Ìyẹn ni tuntun. Nígbà tó di 1986 tí ìjọba Babangida gbé ètò SAP dé, náírà tó ju dọ́là lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ṣubú lulẹ̀; nígbà tó fi máa di 1987, nǹkan bíi náírà mẹ́rin ló ń gba dọ́là kan. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ tuntun ti fò kọjá orí olùkọ́. Ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í já àlòkù sí Kútọnu, wọ́n ń gba Sèmè wọlé, àwọn mìíràn ń gba inú igbó, ọ̀nà Ṣakí tiwa kò sì gbẹ́yìn níbẹ̀. Òfin tí ìjọba ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017 pé kí ẹnikẹ́ni má kó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́ kò pa ọjà náà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ní 2020 pé láàrin 2015 sí 2018 nìkan, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n kó jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà lọ sí àwọn ilẹ̀ mìíràn. Púpọ̀ nínú wọn wá sí Áfíríkà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti àwọn ọkọ̀ méjì tí àwa fúnra wa ní.

Èkíní, 504 ni. Ní 1999 ni a rà á lọ́wọ́ olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìṣẹ́yìn, ọkọ̀ náà sì ti tó ọmọ ogún ọdún. Kí bàbá yìí tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, ó ní kí a jókòó, ó mú bébà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àrùn ọkọ̀ náà sílẹ̀. Jíà kejì máa ń já. Rèdíétọ̀ ń jò, nítorí náà ẹ máa gbé kẹ́ẹ̀gì omi sínú búùtù. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì, ìta nìkan ni a ti ń ṣí i. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti fi kọ lu igi rí ní 1991, àti pé láti ìgbà náà táyà iwájú kan máa ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kọ nǹkan mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà ló tó dá iye owó. A ó sì sọ èyí kí ojú lè ti gbogbo wa: Kìrìsìtẹ́nì ni bàbá náà.

Ọdún méjìlá ni a fi lo ọkọ̀ yẹn. Òun ni a fi ń kó àwọn ọmọ kéwú lọ sí mùsábákà, òun ni a fi ń gbé iṣu, òun la fi gbé aboyún méjì lọ sí ọsibítù ní Ìṣẹ́yìn lóru. Ó ń bàjẹ́ o! Ṣùgbọ́n kò bàjẹ́ rí ní ibi tí a kò fojú sí, nítorí bébà wà lọ́wọ́ wa. Mẹkáníìkì abẹ́ igi máńgòrò ló ń tún un ṣe, pẹ̀lú sípánà àti òòlù, kò nílò kọ̀ǹpútà kankan. Nígbà tí a fẹ́ tà á, bébà bàbá yẹn náà ni a fà lé ẹni tó rà á lọ́wọ́, pẹ̀lú ìlà mẹ́rin tí àwa fi kún un.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ṣé ẹ mọ ohun tí ojú wa rí lọ́wọ́ àwọn ará wa? Bí a bá gbé 504 dé ibi wọlímọ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ń darí ọkọ̀ yóò ní, "Àáfà, ẹ gbé e lọ sẹ́yìn." Ẹni tó bá gbé jíìpù dé, wọ́n á gbé àga kúrò lábẹ́ àtíbàbà kí ó lè ráyè. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí olówó jíìpù ti rí owó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irú ọ̀wọ̀ báyìí ló ń kọ́ olè níṣẹ́.

Èkejì, ní 2013 ni a rà á ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ Japan ni, àwọ̀ fàdákà, ó dùn ún wò. Rawàní wà lórí ẹni tó tà á fún wa, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, a jọ kírun Alásárì ní ọgbà ọkọ̀ rẹ̀ ni. Mẹkáníìkì wa bá wa lọ, ó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ó ní kò sí wàhálà. A bi ọkùnrin náà léèrè ní ojúkojú: ṣé àrùn kan wà lára rẹ̀? Ó fi Ọlọ́hun búra pé sípánà kò tíì kàn án rí.

Kò pé oṣù mẹ́ta. Fèrè ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún fúnra rẹ̀ ní aago méjì òru, àwọn aládùúgbò rò pé olè ló wá. Iná ń tàn, ó ń kú. Lọ́jọ́ kan tí a ń ti Ìṣẹ́yìn bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó kú pátápátá lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ kéwú mẹ́rin nínú rẹ̀, tírélà sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọlọ́hun ló yọ wá. Rèwáyà tó tú u ló ká kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ sókè. Ẹrẹ̀ ló bá níbẹ̀. Ilẹ̀ Ìpapó pupa, gbogbo ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí lára aṣọ funfun. Ẹrẹ̀ yìí dúdú, ó ti gbẹ, koríko wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Omi ti gbé ọkọ̀ náà mì rí ní ilẹ̀ tó jìnnà sí wa.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní Amẹ́ríkà ní 2005, àti nígbà tí Sandy jà ní 2012, ọkọ̀ tí omi bò kò lóǹkà. Lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń fi àmì sí ìwé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ rà á lè mọ̀. Ọkọ̀ lè wọ ọkọ̀ ojú omi wá, kí ìwé máa dúró sọ́hùn-ún. Ẹni tó bá sì mọ̀ nípa rẹ̀ kò ní í sọ.

A padà tọ oníṣòwò wa lọ. Kò sẹ́ ẹrẹ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Àáfà, kádàrá ni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ohun tí Ọlọ́hun kọ ló ń ṣẹlẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí ló bí wa nínú ju owó lọ. Kádàrá ló fọ ẹrẹ̀ tó wà lókè, tó sì fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bí? Kádàrá ló yí nọ́ńbà máìlì padà sẹ́yìn? Bí olè bá gbé tẹ̀sùbáà oníṣòwò yìí, ṣé kádàrá ni yóò pè é, àbí ọlọ́pàá?

Gbogbo ọmọ kéwú ló mọ ìtàn Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oúnjẹ ní ọjà, tó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ náà, tí ó bá ọ̀rinrin ní ìsàlẹ̀. Ọkùnrin náà ní òjò ló pa á. Ànọ́bì kò bá òjò jà. Ohun tó bi í ni pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó bá ń tan ni jẹ kì í ṣe ara wọn. Ẹrẹ̀ tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kò yàtọ̀ sí ọ̀rinrin yẹn. Ìwé Risálà tí a ń kà fún àwọn ọmọ wa ní orí kan lórí títà àti rírà. Ẹ̀tọ́ ẹni tó bá àbùkù ìkọ̀kọ̀ nínú ọjà láti dá a padà wà nínú ẹ̀kọ́ àwọn onímọ̀ wa. Bí oníṣòwò bá sì ní, "Bó ṣe wà ni mo tà á," ìyẹn kò bo àbùkù tó mọ̀ tó sì fi pamọ́. Ṣé Mùsùlùmí tó ń kọ́ wa ní kádàrá kò dé ojú ewé yìí ni?

Àwọn kan á ní, "Bí mo bá sọ, ta ni yóò rà á?" Bàbá Ìṣẹ́yìn sọ, a sì rà á. Ẹni tó bá sọ yóò dín owó kù, òótọ́ ni. Owó tó dín kù yẹn, kì í ṣe tirẹ̀ láti ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti kúrò ní ti òyìnbó pátápátá. Láti 29 oṣù karùn-ún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí náírà sì tún já ní oṣù tó tẹ̀lé e, tòkunbọ̀ pàápàá ti ga ju ọwọ́ púpọ̀ nínú wa lọ. Èyí tí ará Nàìjíríà ti lò ni àwọn olùkọ́ àti àgbẹ̀ ń rà báyìí. Àwa la ń tà fún ara wa. Ẹni tó fi àbùkù pamọ́ mọ orúkọ ẹni tó rà á, ó mọ ilé rẹ̀, ó lè jẹ́ pé òun ló sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn tí kò ní sùúrù sì ń lọ yá owó elé nítorí kí wọ́n lè pè wọ́n ní olówó ọkọ̀ tuntun. Ní 2024, èlé tí báǹkì àpapọ̀ gbé lélẹ̀ fúnra rẹ̀ dé 27.5 nínú 100. Ẹ wo iye tí àwọn tó ń yáni lówó yóò fi lé e. Jaiz tí kì í gba èlé ti wà láti 2012, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn Mùsùlùmí náà wà. Ribá tún wá jẹ́ dandan fún ta ni?

Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka ọkọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn kóòdù DOT: 3511 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 ní ọdún 2011, bó ti wù kí wọ́n fi òróró dúdú kun táyà náà tó. Lábẹ́ dígí iwájú, ẹ ó rí nọ́ńbà àti lẹ́tà 17. Lára ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún rẹ̀: 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi imú gbóòórùn rẹ̀.

Ọkọ̀ omi yẹn, a tà á ní 2014. A sọ ti ẹrẹ̀, ti fèrè, ti iná, a kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdajì owó wa kò padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wà níbẹ̀ ní, "Àáfà, ẹ ò gbọ́n." A bi í bóyá òun ló fẹ́ rà á láì gbọ́ ti ẹrẹ̀. Kò dáhùn.

Ẹ̀yin àáfà ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin la kù. Wọ́n ń pè wá láti gbàdúà sí ọkọ̀, a ń jẹ sàráà rẹ̀, a ń gba owó àdúà. Láti ìsinsìnyí lọ, ní ilé kéwú tiwa, a ti fi ìbéèrè mẹ́ta síwájú àdúà: ọdún wo ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà, àrùn wo ló ní, ta ló sì sọ ọ́ fún ọ? Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó padà lọ bi ẹni tó tà á fún un. A ó dúró dè é.