Àpótí iná oòrùn mélòó ló máa gbé mọ́tò láti Ayétẹ̀ dé Ìbàdàn?

Láti ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti dìde ní Eagle Square l'Ábújá, tó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ni ọ̀rọ̀ epo bẹntirólù ti di ohun tí wọ́n ń fi omijé sọ nínú ilé, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀ níta. Lítà kan tí kò tó 200 náírà lọ́jọ́ náà ti di nǹkan bíi 500 kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000 náírà níbi tó pọ̀. Ará Èkó ké, ará Ìbàdàn ké, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó gàárì àti láfún jáde láti Ìbàràpá ni kí wọ́n bi bó ṣe rí, nítorí ọjà kì í fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn débi tí wọ́n ti fẹ́ rà á.

Abájọ tí inú àwọn èèyàn fi dùn nígbà tí wọ́n rí i lórí fóònù pé òyìnbó kan tẹ́ páànẹ́lì sílẹ̀, ó so ó mọ́ àpótí kan báyìí tó dà bíi kúlà tí wọ́n fi ń ta omi tútù, ó na wáyà láti inú àpótí náà sídìí mọ́tò, ni mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbaná. Kò sí epo, kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí NEPA. Ọ̀pọ̀ ló pariwo pé ìgbàlà dé, pé oòrùn tó ń lu àgbẹ̀ lórí ní oko ló máa wá gbé e lọ sọ́jà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ká ní bàbá kan wà ní Ayétẹ̀, níbi tí olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàràpá wà, tó ń ra pákí lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, tí àwọn obìnrin ilé ẹ̀ ń yan gàárì. Àrẹ̀mọ ẹ̀ tó wà l'Ékòó wá pè é lálẹ́ ọjọ́ kan.

"Bàbá, ẹ ta mọ́tò yẹn dànù jàre. Mo ti rí tọ́kúnbọ̀ kan tó ń lo iná. Ẹ jẹ́ ká fi owó gàárì tó wà nílẹ̀ kún un, màá ra àpótí iná oòrùn méjì tẹ̀ lé e. Ẹ ò tún ní débi tí wọ́n ti ń ta epo mọ́ láyé yín."

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. "Ọmọ mi, o ṣeun. Àpótí tó ò ń sọ yìí, ṣé ó lè gbé mi dé Ìbàdàn?"

"Ó máa gbé yín dé, Bàbá. Ṣé oòrùn ló máa wọ́n yín ni?"

Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn o. Owó gàárì tó wà nílẹ̀ yìí, owó ilé-ìwé àwọn àbúrò wà nínú ẹ̀, owó àwọn tó ń hú pákí wà nínú ẹ̀, owó tí wọ́n fẹ́ fi ra pákí tó ń bọ̀ náà wà níbẹ̀. Bí ìṣirò bá yẹ̀, kì í ṣe mọ́tò nìkan ló máa dúró sójú ọ̀nà.

Ìṣirò ọ̀hún ò sì le. Gbogbo ẹni tó ń lo mítà oníkáàdì ló mọ yúnítì. Yúnítì tí wọ́n ń rà náà ni wọ́n fi ń wọn bátìrì mọ́tò. Mọ́tò oníná tí kò tóbi jù máa ń jẹ tó yúnítì 16 sí 18 kó tó rin 100 kìlómítà. Ìyẹn ni pé yúnítì 1 á gbé e rin bíi kìlómítà 6.

Ó wá ku àpótí. Àwọn kéékèèké tí èèyàn lè fọwọ́ kan gbé, nǹkan bíi yúnítì 1 ló ń wà nínú wọn. EcoFlow Delta Pro, tó wúwo débi pé wọ́n ṣe táyà sí i nídìí, yúnítì 3.6 ló ń gbà. Èyí tó wà nínú àpótí kọ́ sì ni gbogbo ẹ̀ ń dénú mọ́tò. Àpótí á yí iná bátìrì padà sí irú iná tó ń wọ ilé, mọ́tò náà á tún yí i padà kó tó fi pa mọ́. Àyípadà méjèèjì yìí ń gba owó oríbodè. Bí yúnítì 1 bá kúrò nínú àpótí, ká dúpẹ́ tí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún bá dé ibi tó ń lọ.

Ẹ wá wò ó. Àpótí kékeré kan á gbé mọ́tò rin bíi kìlómítà 5. Ńlá kan á gbé e rin bíi 17. Ká fi ọ̀nà Ìbàdàn sí 100 kìlómítà kó lè rọrùn láti ṣírò: bàbá nílò bíi yúnítì 21, ìyẹn àpótí kékeré 21 tàbí àwọn ńlá 6. Àlọ nìkan nìyẹn o, wọn ò tíì sọ̀rọ̀ àbọ̀. Tó bá jẹ́ pé àpótí méjì tí ọmọ fẹ́ rà yẹn nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé, kódà kó jẹ́ ńlá, iná á tán lẹ́yìn bíi kìlómítà 35, inú igbó ni bàbá á ti máa wá ẹni tó máa wọ́ mọ́tò.

Oòrùn ńkọ́? Páànẹ́lì kan tó jẹ́ wáàtì 400, bí ojú ọjọ́ bá mọ́ dáadáa, á mú nǹkan bíi yúnítì 1.8 wọlé lóòjọ́. Yúnítì 21 á gbà á tó ọjọ́ 12. Ẹni tó bá fẹ́ rin ìrìn náà lójoojúmọ́ á nílò páànẹ́lì 12, ìyẹn tí òjò ò bá ṣú, tí eruku ọyẹ́ ò sì bo ojú páànẹ́lì.

Ó tún ku ohun tí àwọn tó ń ta àpótí kì í tètè sọ. Mọ́tò kì í gba iná tó bá kéré jù. Ó kéré tán, á béèrè tó wáàtì 1,400, àpótí tí agbára ẹ̀ ò bá tó bẹ́ẹ̀ á kàn kú ni. Lẹ́yìn ìyẹn, wáyà mọ́tò máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá áàtì wà, ìyẹn wáyà tó wọlẹ̀. Àpótí tí wọ́n gbé kalẹ̀ lásán kì í ní i, ọ̀pọ̀ mọ́tò á sì kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò gbaná. Àwọn kan á wá máa so wáyà mọ́ wáyà láti fi tan mọ́tò jẹ. Iná ò mọ ọmọ ọlọ́jà. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ iná ni kó ṣe é.

Kì í ṣe pé oòrùn ò lè gbé mọ́tò o. Lọ́dún 2021, àjọ NADDC, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ṣíṣe mọ́tò ní Nàìjíríà, gbé ibi tí oòrùn ti ń fún mọ́tò níná kalẹ̀ ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó, wọ́n tún ṣe é ní UNILAG. Ṣùgbọ́n páànẹ́lì rẹpẹtẹ ni wọ́n tò síbẹ̀, kì í ṣe àpótí àfọwọ́gbé. Hyundai Kona tí Stallion gbé jáde l'Ékòó lọ́dún 2020, bátìrì ẹ̀ gba yúnítì 64. Àwọn Nissan Leaf àkọ́kọ́ tó jáde ní 2010, 24 péré ni tiwọn nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ tuntun. Ẹni tó bá ra tọ́kúnbọ̀ irú ẹ̀ lónìí, bátìrì tó ti gbó ló rà, kó yáa ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó kó tó sanwó.

Kí wá ni kí bàbá ṣe? Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Àpótí tí kò lè gbé mọ́tò, ó lè gbé ọ̀kadà. Ọ̀kadà oníná ò jẹ ju bíi yúnítì 3 sí 4 lọ lórí 100 kìlómítà. Àpótí ńlá kan ṣoṣo tó máa já mọ́tò sílẹ̀ ní kìlómítà 17 yẹn lè gbé ọ̀kadà rin bíi 70 sí 80, ó sì pọ̀ tó láti lọ sí Tápà àti Ìgàngàn kó sì tún padà wálé. Ní Benin tó wà nítòsí wa níhìn-ín àti ní Tógò, ilé-iṣẹ́ Spiro, tí wọ́n ń pè ní M Auto tẹ́lẹ̀, ti ń gbé ọ̀kadà oníná fáwọn èèyàn láti 2022. Ọlọ́kadà ibẹ̀ kì í jókòó dúró de iná. Tí bátìrì bá tán, á yà síbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹ̀, á gba èyí tó kún, á sì máa bá tiẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ra àpótí, kó bi ẹni tó ń tà á ní ìbéèrè mẹ́ta: yúnítì mélòó ló wà nínú ẹ̀? Yúnítì mélòó ni mọ́tò tàbí ọ̀kadà mi ń jẹ? Páànẹ́lì mélòó ló máa kún un nínú oṣù tí òjò bá ń rọ̀? Bí onítọ̀hún ò bá lè dáhùn, kó di owó ẹ̀ mú.

Bàbá Ayétẹ̀, bó bá gba ìmọ̀ràn yìí, á pe ọmọ ẹ̀ padà lọ́jọ́ kejì.

"Ọmọ mi, má bínú, fi mọ́tò yẹn sílẹ̀ ná. Bó o bá rí ọ̀kadà ẹ̀, ká jọ sọ̀rọ̀. Owó gàárì yìí, jẹ́ kó kọ́kọ́ san owó ilé-ìwé àwọn àbúrò ẹ."