Kí Dróònù Tó Gbéra, Ó Yẹ Kó Kágò

Àṣà Yorùbá ni pé àlejò kì í já wọ ilé onílé. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò kágò. Ìgbà tí onílé bá dáhùn pé "àgò yà" ni yóò tó gbẹ́sẹ̀ wọlé. Lóde òní, àlejò kan wà tí kì í gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Òkè ni ó ń gbà. Àlejò náà ni ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, tí a ń pè ní dróònù.

Kò sí àní-àní pé ohun èlò yìí wúlò. Ẹni tó bá ti wo àwòrán Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde láti òkè, bí àwọn regbéregbé ṣe tò nínú aṣọ ẹgbẹ́ wọn, tí àwọn ìdílé Balógun sì ń gun ẹṣin bọ̀ wá kí ọba, yóò gbà pé ẹni tó dúró nílẹ̀ kò lè rí gbogbo ẹwà náà tán. Ṣùgbọ́n ta ni ó fún dróònù láṣẹ láti fò? Bí ẹnìkan bá dáhùn pé ìgbìmọ̀ ọdún mọ̀ sí i, pé ààfin sì ti gbà, ìdáhùn náà kò tíì tó.

Ọba ló nilẹ̀. Ní ti òfurufú, òfin orílẹ̀-èdè ló ń ṣàkóso rẹ̀. Ní ọdún 2016, NCAA, àjọ tí ń mójú tó ìrìnnà ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, kéde pé ìbáà ṣe ẹ̀ka ìjọba, ìbáà ṣe iléeṣẹ́, ìbáà ṣe ẹnìkan ṣoṣo, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fi dróònù fò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ náà àti lọ́wọ́ Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ọ̀rọ̀ ààbò. Òfin sì ń yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025, àwọn ológun fòfin de dróònù ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà nítorí ààbò. Bákan náà, ìwé àṣẹ tí ọmọ Ìjẹ̀bú gbà ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè dúró fún àṣẹ Nàìjíríà nígbà tó bá wálé wá ṣọdún.

Àwọn kan lè fi òwe gbèjà ara wọn pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ni òwe náà ń sọ, ojú ara rẹ̀ ni ẹyẹ sì fi ń ríran. Ẹni tí ń darí dróònù dúró sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ àwòrán kékeré lọ́wọ́. Ó lè má rí ọkọ̀ òfurufú tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2018, nígbà tí wọ́n ní àwọn rí dróònù ní pápá ọkọ̀ òfurufú Gatwick nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, ìrìnnà bí 1,000 ọkọ̀ òfurufú ni ó dàrú, èrò bí 140,000 sì fara gbá a. Àwọn ọlọ́pàá kò rí ẹni tí wọn yóò gbé lọ sílé ẹjọ́.

Ní ojúde ọba ńkọ́? Bí bátìrì bá kú lókè, orí ta ni dróònù yóò já lé? Bí ìró rẹ̀ bá dẹ́rù ba ẹṣin láàárín èrò, ta ni yóò di ìjánu mú?

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ ọdún tó sanwó fún ayàwòrán, kí wọ́n béèrè ìwé àṣẹ. Ṣé ó kan ìlú náà àti ọjọ́ náà? Ṣé pápá ọkọ̀ òfurufú wà nítòsí? Ta ni yóò dúró ti ẹni tí ń darí rẹ̀, tí yóò máa wòkè? Ẹni tó gba ìwé ìjọba pẹ̀lú gbọ́dọ̀ kágò ní ààfin, nítorí igbó Orò àti igbàlẹ̀ kì í ṣe ohun tí gbogbo ojú ń wò.

Àgò méjì ni: ọ̀kan fún ilẹ̀, ọ̀kan fún òfurufú. Ẹni tí wọn kò bá dá lóhùn níbi méjèèjì, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn wá sójúde, kí ó sì ya àwòrán tirẹ̀ láti ilẹ̀.