Ta Ni Yóò Ki Àwọn Àṣá Wa?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé wo ni àwa wò tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ti dárúkọ "ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà", ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin ni ọkàn wa máa ń lọ? Àwọn ọkùnrin ti gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní ọdún 1980, 1994 àti 2013. Láti ọdún 1998 sí 2025, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni àwọn obìnrin gba tiwọn. Síbẹ̀, àwọn obìnrin yìí nìkan ni à ń fi àlàyé kún orúkọ wọn, bí ẹni pé àlejò ni wọ́n nínú ilé.

Èdè wa kọ́ ni ó kọ́ wa bẹ́ẹ̀. "Ó" tí a fi ń pe ọkùnrin náà ni a fi ń pe obìnrin. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "agbábọ́ọ̀lù": àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "a-" ń tọ́ka sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ náà, kò béèrè bóyá akọ ni tàbí abo. Àwa tí a ń sọ èdè ni a ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ohun tí a ó kì sì pọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1999, ní Amẹ́ríkà, Brazil ti fi góòlù mẹ́ta ṣíwájú kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Àwọn ọmọ wa dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. Àsìkò àfikún ni Sissi tó gbá ẹ̀kẹrin wọlé tí ó fi parí. Nkiru Okosieme wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní Headmistress nítorí bí ó ti máa ń fi orí kan bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Lédè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti fi orúkọ náà dá àrà; èwo ni tiwa? Ní ọdún 2004, Perpetua Nkwocha nìkan gbá góòlù mẹ́rin sílé Cameroon ní àṣekágbá. Florence Omagbemi gba ife náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù, ó tún gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ọdún 2016. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, ti gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tí ó dára jù ní Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹfà.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 2025, ní Rabat, Morocco fi góòlù méjì ṣíwájú. Àmì ayò mẹ́ta sí méjì ni a fi borí wọn. Rasheedat Ajíbádé ni balógun ikọ̀ náà, Fọláṣadé Ijamilusi ni ó sì gbá góòlù tí ó sọ ọ́ di ọ̀mì. Ẹni tí ó jí bá adé, àti ẹni tí a fi ọlá ṣe adé fún! Akéwì wo ni ó ń wá ìbẹ̀rẹ̀ oríkì tí ó jù báyìí lọ?

Ẹni tí a kò kì ni ó rọrùn láti rẹ́ jẹ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ẹ̀hónú ni àwọn tí ó gba ife náà ń fi hàn káàkiri Àbújá kí wọ́n tó rí owó wọn gbà. Ní ọdún 2025, ìjọba fún wọn ní owó, ilé àti oyè. Ó dára, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn kì í ṣe owó iṣẹ́.

Àwọn kan ní bọ́ọ̀lù kò yẹ obìnrin. Kí wọ́n wá sí Pópó Yemọja níhìn-ín, àdúgbò tí ó ń jẹ́ orúkọ òrìṣà obìnrin, ní ìlú tí Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti ń ta ohun ìjà fún àwọn ológun láwìn. Ìbàdàn tí a ń yangàn pé ó jẹ́ ìlú jagunjagun kò dá ọkùnrin nìkan mọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ yín nìyí. Bí a bá ń pe àwọn ọkùnrin ní Idì, ẹ jẹ́ kí a máa pe àwọn wọ̀nyí ní Àṣá. Bí a bá ní láti sọ pé "ti obìnrin", kí a máa sọ "ti ọkùnrin" pẹ̀lú. Ẹ kọ oríkì wọn sílẹ̀ lédè Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn, kí ọmọdébìnrin tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Bẹẹrẹ tàbí Mápó lè gbọ́ orúkọ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀.