Kókó Ọmú Yọ́, Ṣùgbọ́n Iṣẹ́ Kò Tíì Parí



Ní ọjọ́ Jimọ̀ kan, lẹ́yìn tí a kírun tán, obìnrin aláṣọ kan bá mi sọ̀rọ̀. Jẹjẹrẹ mú un ní ọmú. Dókítà ní kí ó kọ́kọ́ gba oògùn tí a ń fà sí iṣan fún oṣù díẹ̀, kí a tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Kókó náà yọ́ títí ọwọ́ kò fi kàn án mọ́. Ó ní, "Alàájì, Ọlọ́run ti wò mí sàn. Kí ni mo tún ń fi abẹ ṣe? N óò fi owó náà ra ọjà ọdún Iléyá." Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo yín.

Èkíní, ẹ má ṣe rò pé oògùn tí ó ṣáájú iṣẹ́ abẹ ń fi àkókò ṣòfò. Ní 1988, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà lára obìnrin 1,523. Wọ́n fún apá kan ní oògùn ṣáájú iṣẹ́ abẹ, wọ́n fún apá kejì lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 9, nǹkan bí 70 nínú 100 ni ó wà láàyè ní apá méjèèjì. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí oògùn ṣáájú, nǹkan bí 68 nínú 100 ni a kò gé gbogbo ọmú wọn. Ní apá kejì, 60 ni.

Èkejì, ọwọ́ kò lè mọ ohun tí ó kù nínú ẹran ara. Iṣẹ́ abẹ ni a fi ń mú ẹran ibẹ̀ jáde, kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Bí a kò bá rí ìyókù jẹjẹrẹ kankan, ìrètí aláìsàn náà pọ̀ sí i. Bí a bá sì rí i, oògùn mìíràn wà. Ìwádìí kan ní Japan àti Korea, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2017, fi èyí hàn lára aláìsàn 910 tí jẹjẹrẹ wọn kì í ṣe irú tí a ń pè ní HER2. Lẹ́yìn ọdún 5, nǹkan bí 89 nínú 100 àwọn tí wọ́n fi oògùn capecitabine kún ìtọ́jú wọn ni ó wà láàyè; nínú àwọn tí a kò fún, 84 ni. Ẹni tí ó sá fún iṣẹ́ abẹ kò lè mọ èwo ni tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ mọ̀ pé gbèsè tí ó ṣẹ́kù díẹ̀, gbèsè ni.

Mo bẹ ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe dá aya yín dúró. Mo sì bẹ ẹ̀yin àgbà mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà: ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kó owó iṣẹ́ abẹ jọ ní ọjọ́ tí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ oògùn. Aláìní wà lára àwọn tí sàká tọ́ sí.

Obìnrin aláṣọ náà ti gba ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Kí Ọlọ́run fún un ní ìlera. Àmín.