Ẹ Má Fòfin De Omi Gbígbóná

Bí ọyẹ́ bá ti wọlé sí Kano, omi inú dúrọ́ọ̀mù kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń gbà kó kan ara òun. Lóṣù Kìn-ín-ní, òru ìlú yìí a máa tutù tó 13°C, nígbà mìíràn á tilẹ̀ relẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni ìjà iná máa ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn ilé face-me-I-face-you tó kún Sabon Gari, láti Yoruba Road dé Aitken Road. Mítà kan ni gbogbo ilé ń lò, owó tí wọ́n dá sí i sì ti tán kí ọjọ́ tó pé. Ta ló jẹ ẹ́? Ẹni tó ń fi boiling ring se omi ìwẹ̀ ni. Lánlọ́ọ̀dù á kéde pé òun ò fẹ́ rí boiling ring nínú ilé òun mọ́.

Mo lòdì sí òfin yẹn. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi.

Ìyá ọmọ jòjòló kò ní tìtorí òfin fi omi ọyẹ́ wẹ ọmọ rẹ̀. Yóò kàn gbé irin náà kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ojú gbogbo èèyàn wà, yóò gbé e wọ yàrá, yóò tilẹ̀kùn, yóò sì kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá ibùsùn. Boiling ring kò mọ ìgbà tí omi tó. Bí omi bá hó, yóò máa sè é lọ. Bí omi bá sì gbẹ, irin á pọ́n, á yọ́ báàkẹ́ẹ̀tì oníke. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, tí ẹni tó ń se omi gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ tó bá tirẹ̀ lọ, iná lè dé nígbà tí kò sẹ́nì kankan nílé.

Èédú tún burú jù ú lọ. Bí wọ́n bá gba boiling ring, tàbí tí iná kò sí, àwọn kan máa ń gbé àdògán wọ yàrá. Wọ́n á se omi lórí rẹ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kí yàrá lè móoru mọ́jú. Èédú tó ń jó níbi tí a tì pa máa ń tú carbon monoxide jáde, gáàsì tí kò rùn, tí kò ní àwọ̀, tí kì í ta ojú bí èéfín. Kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rí oxygen gbé. Orí á máa fọ́ni, èébì á máa gbéni, ṣùgbọ́n ẹni tó ti sùn lè má mọ̀ ọ́n lára títí ẹ̀mí fi bọ́. Bó ti wù kí ọyẹ́ mú tó, àdògán kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá tí èèyàn fẹ́ sùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó tí a ń jà lé lórí. Báàkẹ́ẹ̀tì omi lítà 20, láti 18°C dé 40°C, ń jẹ iná bí ìdajì yúníìtì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó yúníìtì kan fún àwọn oníbàárà Band A, àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lójúmọ́, láti 68 náírà sí 225 náírà. Ká tilẹ̀ fi 225 yẹn ṣírò, báàkẹ́ẹ̀tì kan kò ju bí 115 náírà lọ. Owó tí a lè gbà lójú ara wa nìyẹn, kò yẹ kó lé ẹnikẹ́ni wọ yàrá.

Ilé tó ní táǹkì lókè, kí lánlọ́ọ̀dù fi híítà kan sí i, kí oníṣẹ́ iná fún un ní wáyà tirẹ̀ tó nípọn, pẹ̀lú bíréékà, wáyà ilẹ̀ àti mítà kékeré tí gbogbo ilé lè kà. Híítà ní thermostat, tó máa ń pa iná bí omi bá ti gbóná dé ibi tí a yí i sí. Ọ̀pọ̀ ló ń yí i dé òpin, tí wọn kì í sì í fọwọ́ kàn án mọ́. Lítà 50 tí a sè dé 75°C ń jẹ yúníìtì tó lé ní mẹ́ta. Bí a bá fi sí 60°C, méjì àtààbọ̀ ti tó. Ẹ má ṣe jẹ́ kó kéré sí 60, nítorí kòkòrò Legionella, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, fẹ́ràn omi tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ṣùgbọ́n omi 60°C lè bó ọmọdé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, nítorí náà, omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ bù sínú báàkẹ́ẹ̀tì. Ẹ tàn án ní ìdájí, kí ẹ pa á bí gbogbo ilé bá ti wẹ̀ tán.

Ilé tó ń ra omi lọ́wọ́ mérúwà kò lè lo híítà. Kẹ́tù oníná tó ń pa ara rẹ̀ bí omi bá hó ló yẹ wọ́n. Kẹ́tù méjì, tí a là mọ́ omi tútù, tó ọmọ kan wẹ̀ dáadáa.

Àwọn ará wa tó ń gba ilé ní Peckham, ní England, mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún. Onílé ni òfin ní kó pe oníṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú Gas Safe láti yẹ bọ́ílà onígáàsì wò lọ́dọọdún. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, onílé ní England tún gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ tó ń kígbe bí carbon monoxide bá jáde sí yàrá tí bọ́ílà wà. Ọrùn onílé ni ẹrù yẹn wà, kì í ṣe ọrùn ayálégbé.

Kí oṣù Kejìlá tó dé, ẹ pe ìpàdé ilé, kí ẹ fẹnu kò lórí iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò máa san lórí báàkẹ́ẹ̀tì. Bí owó híítà kò bá tíì sí, ẹ dá boiling ring padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nínú báàkẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe onírin, kí àgbàlagbà dúró tì í, kí ó sì yọ ọ́ kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó ki ọwọ́ bọ omi.