Ẹni Tó Mú Ni Wọ Òwò, Òun Ni Onígbọ̀wọ́ Ẹni

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó fi Abaji ṣe ilé, ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí a ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé. Ọ̀rọ̀ òwò nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, èyí tí ènìyàn ń fi owó wọ̀, tí yóò máa ta tíì, ọṣẹ tàbí àgbo inú ìgò, tí yóò sì máa kó àwọn ẹlòmíràn sábẹ́ ara rẹ̀ kí èrè wọn lè máa kàn án.

N kò wí pé òwò náà burú. Àwọn kan wà láàárín wa tó ń fi í san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, èmi pàápàá sì ti ṣe é rí. Bí a ṣe ń mú ènìyàn wọ̀ ọ́ ni mo ń bá wí, àti bí a ṣe ń pa wọ́n tì nígbà tí wọ́n bá ti sanwó tán.

Ẹ wo bí ó ti ń rí. Ọmọkùnrin kan ti ilé dé, ó sọ̀kalẹ̀ lójú títì Lọ́kọ́ja pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo. Kò gbọ́ Hausa, kò sì tíì rí yàrá gbà. Ìpàdé kejì tí yóò wá, ẹni mẹ́ta ti fà á sí kọ̀rọ̀: "Ìwọ ṣáà mú ẹni méjì wá, kí àwọn náà mú ẹni méjì méjì wá, o ti bọ́ nínú ìṣẹ́ nìyẹn." Ó kó owó tí ìyá rẹ̀ fún un láti fi gba yàrá, ó fi ra páálí tíì. Ta ni yóò tà á fún? Gbogbo Yorùbá tó mọ̀ nílùú ló ń ta tíì kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a tilẹ̀ ṣe ìṣirò náà. Bí ẹnì kan bá mú ẹni méjì wá, tí oníkálukú wọn mú méjì wá, nígbà tí yóò bá fi di ìpele kẹrìndínlógún, ènìyàn 65,536 ni a ó máa wá. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní ọdún 2006, gbogbo agbègbè Abaji kò tó 60,000, àti ọmọ ọwọ́ àti arúgbó.

Àwọn baba wa náà mú ènìyàn wọ òwò. Àwọn òṣómàálò Ìjẹ̀ṣà àti àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti gòkè wá sí apá Àríwá kò dá òwò ṣe. Ọmọ tí wọ́n bá mú ti ilé wá yóò máa bá ọ̀gá gbé, yóò máa jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀, yóò ru ẹrù tẹ̀lé e lọ sí ọjà títí yóò fi mọ oníbàárà tó ń san gbèsè àti èyí tó ń sá. Ọjọ́ tó bá gba òmìnira, wọ́n á gbé ọjà lé e lọ́wọ́ láwìn. Ìyà wà níbẹ̀, n kò ní purọ́, àwọn ọ̀gá kan sì rorò. Ṣùgbọ́n àpò àgbẹ̀ tó ra aṣọ ni èrè ọ̀gá ti ń wá, kì í ṣe àpò ọmọ tó mú wá.

Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ìjọba Amẹ́ríkà bá ilé iṣẹ́ Herbalife fà ní ọdún 2016. Ilé iṣẹ́ náà san 200 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n sì pàṣẹ fún un pé kí èrè àwọn ènìyàn rẹ̀ máa ti inú ọjà tí oníbàárà gidi rà wá, kì í ṣe inú iye ènìyàn tí wọ́n kó jọ. Nítorí náà, kí o tó pe ẹnikẹ́ni, gbé ọjà rẹ lọ bá awakọ̀ ní gáréèjì tàbí obìnrin Gbari tó ń ta iṣu. Bí kò bá lè rà á ní iye yẹn, kò sí òwò níbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ohun jíjẹ, ohun mímu tàbí oògùn, wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀.

Èyí tí kò ní ọjà rárá, ẹ má tilẹ̀ dá a lóhùn. MMM ti ilẹ̀kùn ní December 2016. CBEX ṣubú ní April 2025. Òfin ìdókòwò tuntun ti ọdún 2025 sì ti sọ irú rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè torí rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n.

Èmi náà jẹ̀bi. Ní ọdún 2023, mo mú ìyàwó ọ̀rẹ́ mi kan wọ òwò irú èyí. Páálí mẹ́rin ló rà; èrè tèmi wọlé lọ́sẹ̀ náà. Nígbà tó pè mí pé ọjà kò tà, mo ní kí ó lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ó tún pè, n kò gbé e. Láti ìgbà náà kò wá sí ìpàdé wa mọ́, ọkọ rẹ̀ sì ń kí mi bí ẹni ń kí àlejò.

Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ pé kí a fi òfin díẹ̀ lélẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ènìyàn wọ òwò nínú gbọ̀ngàn ìpàdé. Kí a má gba owó lọ́wọ́ àlejò tí kò tíì ní yàrá. Ẹni tó bá sì mú ènìyàn wọlé, kí ó bá a kiri ọjà títí páálí àkọ́kọ́ yóò fi tán. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí kò tán, kí ó gba ìyókù padà ní iye tí wọ́n rà á. Àwọn kan ti sọ fún mi pé èyí yóò pa òwò náà. Bí gbígba ọjà tí kò tà padà bá lè pa á, a jẹ́ pé ọjà kọ́ là ń tà.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ náà lé akọ̀wé lọ́wọ́ fún ìpàdé tó ń bọ̀. Ní tèmi, mo ti ránṣẹ́ sí arábìnrin náà pé kí ó kó páálí mẹ́ta tó kù wá, kí ó wá gba owó rẹ̀. Bí tíì náà bá tilẹ̀ ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, owó ni mo jẹ ẹ́, kì í ṣe tíì. Kò tíì dá mi lóhùn.