Kámẹ́rà Tín-ín-rín Kò Gba Ọwọ́ Àgbà

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi sọ tinú mi lórí àwọn kámẹ́rà dígítà kéékèèké, àwọn tí kò lo fíìmù, tí ènìyàn lè tì bọ àpò ẹ̀wù. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti dé, fóònù sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wọn kúrò nígboro, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ti tún ń wá àlòkù wọn kiri báyìí. Kódà ní 2025, Canon tún gbé ọ̀kan nínú wọn padà sórí àtẹ. Inú mi dùn sí i. Ohun tí n kò fara mọ́ ni bí wọ́n ṣe ń yàn án: èyí tó bá fẹ́lẹ́ jù lọ ni wọ́n ń sáré mú. Èmi ní tèmi sọ pé fífẹ́lẹ́ kọ́ ni rírọrùn.

Kí á má purọ́, kíkéré rẹ̀ dára. Inú àpótí ni kámẹ́rà ńlá máa ń wà nígbà tí ọmọ bá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Èyí tó wà lápò ló ń ya irú ìyẹn. Nígbà tí Canon gbé Digital IXUS jáde ní ọdún 2000, mílímítà 87 ni gígùn rẹ̀, 57 ni gíga rẹ̀, nínípọn rẹ̀ kò pé 27. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣe é dì mú, ó sì ní ihò kékeré tí ènìyàn lè gbé sójú fi wo ẹni tó fẹ́ yà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni eré ta-ló-fẹ́lẹ́-jù wá bẹ̀rẹ̀. Ní 2002, Minolta ṣe DiMAGE X, mílímítà 20 ni nínípọn rẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni wọ́n lò: gíláàsì kan wà nínú rẹ̀ tó ń darí ìmọ́lẹ̀ sísàlẹ̀, tí àwọn lẹ́ǹsì fi lè tò sóòró nínú ara rẹ̀ láìyọ sóde rárá. Lọ́dún yẹn kan náà, Casio ṣe Exilim EX-S1, mílímítà 11.3 péré! Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì tirẹ̀ kò lè fa ohun tó jìnnà súnmọ́ wa. Nígbà tó di 2003, Sony mú DSC-T1 wá. Gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, àmọ́ wọ́n yọ ihò ìwòran yẹn kúrò pátápátá. Mo kí àwọn tó ṣe wọ́n, iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Èkíní, ọwọ́ kò ríbi dúró. Gíláàsì ti gba ẹ̀yìn, lẹ́ǹsì wà nígun òkè níwájú, ìka méjì mẹ́ta ni a fi ń há a, ìka á sì bọ́ sínú fọ́tò. Èkejì, nígbà tí a bá gbé kámẹ́rà ti ojú, orí àti ọwọ́ méjèèjì ló jọ dì í mú. Bí kò bá sí ihò, a ó na apá síwájú, apá tí a nà a sì máa gbọ̀n. Lẹ́ǹsì kékeré kì í gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, nítorí náà ní pálọ̀ lálẹ́ ó ní láti lajú pẹ́ díẹ̀, gbígbọ̀n yẹn á sì sọ fọ́tò di bàìbàì. Lọ́sàn-án gangan ńkọ́? Oòrùn á bo gíláàsì ẹ̀yìn. Ẹ̀kẹta, iná rẹ̀ súnmọ́ lẹ́ǹsì jù, ojú ènìyàn á pọ́n bí ẹyin iná, ẹni tó bá sì jókòó lẹ́yìn á wà nínú òkùnkùn.

Ta ni ìyà rẹ̀ wá ń jẹ jù? Àwọn àgbà ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bọ́tìnì tó dà bí hóró ìrẹsì, báwo ni àtàǹpàkò baba ẹni àádọ́rin ọdún yóò ṣe tẹ̀ ẹ́? Baba á gbé e fún ọmọ, á ní, "Bá mi yà á." Bẹ́ẹ̀ ohun tó wu ọmọ ló ń yà: aṣọ, oúnjẹ, ọ̀rẹ́. Àgbà ló mọ̀ pé ìyá arúgbó tó jókòó sí kọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló kù nínú ìran kan. Àgbà ló mọ ògiri tí bàbá-bàbá wọn fọwọ́ mọ. Bí àwọn tó mọ iyì ohun kan kò bá lè yà á, ohun náà á lọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹlòmíràn á ní fóònù ti parí ọ̀rọ̀ yìí. Lóòótọ́, kámẹ́rà dígítà tó lé ní mílíọ̀nù 120 ni àwọn iléeṣẹ́ ilẹ̀ Japan kó jáde ní 2010, nígbà tó fi máa di 2020 kò tó mílíọ̀nù 10 mọ́. Ṣùgbọ́n àìsàn kan náà ló ń ṣe fóònù: ó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi síléètì, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé e sọ́wọ́ ná. Ẹ yan èyí tó ní ihò ìwòran, tó sì ní okùn tí a lè fi kọ́ ọrùn ọwọ́. Bí ẹ bá fẹ́ yà, ẹ fi ìgúnpá ti ìhà, ẹ tẹ bọ́tìnì dé ìdajì kí ó kọ́kọ́ rí ẹni náà dáadáa, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ tán. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lókè òkun, tí ẹ ń ra irú nǹkan báyìí ránṣẹ́ sílé, ẹ má béèrè bó ṣe fẹ́lẹ́ tó. Ẹ béèrè ibi tí àtàǹpàkò bàbá yín yóò dúró sí.



Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.